Àpótí Abẹ́ Igi Ọsàn

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìbídùn pa fóònù rẹ̀, tó kúrò ní Ìbàdàn, tó lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lábúlé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó wá ìyá rẹ̀ nínú ilé, kò rí i. Abẹ́ igi ọsàn, ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé, ló ti bá a lórí àpótí, fóònù lọ́wọ́.

"Màámi, ìpè ta lẹ ń retí?"

"Tìrẹ ni. Àsìkò tí o máa ń pè ti tó."

"Èmi tí mo wà nílé?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ó ti mọ́ mi lára ni."

Ìbídùn wo iwájú àpótí, níbi tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti sọ ilẹ̀ di kòtò. "Lórí fóònù, 'kò séwu' nìkan lẹ máa ń wí."

"Ọmọ mi, ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá wò ó títí, ó sì pa fóònù tirẹ̀ náà.