Ẹkún tí Àwẹ̀ró Aláró Sun

"Àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá." Ta ni ó gbọ́ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹkún tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa á ní ìgbà àkọ́kọ́? Bí wọ́n ṣe rò ó fún mi ni n ó ṣe rò ó.

Obìnrin aláró kan wà ní abúlé Òkè-Arúgbá láyé àtijọ́, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un ni Akínlàbí. Kò sí aláró tó mọ iṣẹ́ tó Àwẹ̀ró lágbègbè náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í sinmi. Bí ewúrẹ́ rẹ̀ bá pẹ́ níta, á ti máa fi ojú inú rí awọ rẹ̀ lára ògiri ẹlòmíràn. Bí ẹnìkan bá kí i tí kò rẹ́rìn-ín, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi máa wá ohun tí òun fi ṣẹ onítọ̀hún.

Lọ́dún tí Akínlàbí fẹ́ gbéyàwó, ó lọ bá àwọn àna rẹ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ ilé bíbò ní abúlé kan lódìkejì odò. Ó ní ọjọ́ karùn-ún lòun yóò dé. Ìyá rẹ̀ dúró sílé, ó ń rẹ aṣọ tí ìyàwó yóò ró wọlé láró.

Ọjọ́ karùn-ún pé, Akínlàbí kò dé. Àwẹ̀ró ní bóyá òjò ló dá a dúró. Òótọ́ ni, òjò náà ni. Koríko tí wọ́n fẹ́ fi bo ilé ló rẹ, wọ́n sì ń dúró kí ó gbẹ. Ká ní ó fi ìrònú rẹ̀ mọ síbẹ̀ ni, kì bá tí sí ìtàn. Ṣùgbọ́n òjò rán an létí odò, odò rán an létí afárá onígi tó ti ń jẹrà, orí afárá yìí ni ọkàn rẹ̀ sì ti já sómi. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ keje, ó ti fi ojú inú rí òkú ọmọ rẹ̀ létí odò, ó ti mọ aṣọ tí wọn yóò fi sin ín, ó sì ti ń ro ẹni tí yóò máa pe òun ní ìyá. Kò sí ẹni tó wá jíṣẹ́ kankan fún un. Ó ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

Àwọn obìnrin agbolé sáré dé, wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. "Akínlàbí o!" nìkan ló lè wí. Wọ́n gbà pé wọ́n ti wá túfọ̀ fún un ni, làwọn náà bá figbe ta.

Àsìkò yẹn gan-an ni Akínlàbí ń wọ abúlé bọ̀, tòun ti ẹrù isu tí àna rẹ̀ dì fún un. Ó gbọ́ ẹkún láti agbolé wọn, ó gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ òun. Ó sọ isu kalẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ni Ìyá Mosúnmọ́lá, àgbà obìnrin agbolé wọn, bá a nígbà tó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ já ewé elú tí wọ́n fi ń ṣe aró.

"Akínlàbí, kí ló dé tí o ń sunkún?"

"Ìyá mi ti kú, Ìyá Àgbà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ ò gbọ́ ẹkún ilé wa ni? Èmi ni wọ́n ń ké sí pé kí n wá sin ín."

Ìyá àgbà tẹ́tí sílẹ̀. "Ohùn tó ròkè jù yẹn, ti Àwẹ̀ró ni. Òkú kì í sunkún ara rẹ̀. Dìde, gbé ẹrù rẹ."

Bí wọ́n ṣe wọlé, méjì nínú àwọn obìnrin náà sá lọ, wọ́n ṣebí òkú ló ń rìn bọ̀. Àwẹ̀ró fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Gbogbo ènìyàn rò pé ẹkún ti parí. Kò parí. Wọ́n se isu jẹ tán, Àwẹ̀ró ṣì ń sunkún.

"Ìyá mi, mo ti dé. Ẹ wò mí."

"Mo rí ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ká ní o kú ńkọ́?"

Ìyá Mosúnmọ́lá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹkún òkú a máa dá, nítorí a ó sin òkú náà. Ẹkún àròkàn yìí, òkú wo la ó sin kí ó tó dá?" Ó fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́ lọ sídìí aró. Aṣọ ìyàwó ti wà nínú ìkòkò láti ọjọ́ karùn-ún, ó ti ṣe àbàwọ́n káàkiri. Wọ́n jọ fà á jáde, wọ́n jọ ń fọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ Àwẹ̀ró ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹkún ń rọlẹ̀, títí tó fi béèrè ọṣẹ sí i.

Àṣà náà kò kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, ará ilé á bi í pé, "Ta ló sọ fún ọ?" Bí kò bá sí ẹni tó sọ ọ́, á padà sídìí aró rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí pé àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá. Àwọn àgbà kì í pa òwe náà fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìyẹn ní ohun tó ń sunkún sí. Ẹni tó jókòó, tó ń fi ìrònú kún ìrònú lórí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ tàbí èyí tó ti kọjá, òun ni wọ́n ń pa á fún, kí ó lè dìde nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì gbẹ.