Ìgbín Tí Ó Gun Òkè Sọ̀kalẹ̀-Tì-Í

Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ da ọ̀dà sí ojú Òkè Sọ̀kalẹ̀-Tì-Í ni mo gbọ́ ìtàn yìí, lẹ́nu ìyá tí ó da owó ẹyọ inú rẹ̀ gan-an. Mo ti tún gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà náà, wọ́n ti fi iyọ̀ sí i, wọ́n ti fi ata sí i. Bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ ni n ó ṣe kọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn, kí ó so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó gun òkè náà fúnra rẹ̀, kí ó tó wá bá mi.

Ìrìn eré kì í ṣe ìrìn ẹlẹ́rù.
Àgbọ̀nrín sáré, kò ru nǹkan kan;
Ìgbín rọra, ó gbé ilé rẹ̀ dé orí igi.
A da owó ẹyọ fún Ògúnjìmí, ọmọ afẹ̀wọ̀n-fa-ọkọ̀,
Ní ọjọ́ tí ó ń fa ẹrù gòkè, tí kò fa ọ̀kan dé orí.

Bàbá Ògúnjìmí ni ó kọ́kọ́ jókòó sí ìsàlẹ̀ òkè náà, tí ó ń fi ẹ̀wọ̀n àti katakata fa ọkọ̀ tí ó bá kú gòkè. Nígbà tí bàbá papòdà, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ògúnjìmí ra ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ó jó irin ìfàkọ̀ mọ́ ọn, ó sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí èyí tí ó lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Jíà ọkọ̀ náà ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ni. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun kan wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà tí à ń pè ní kọnfátà. Ó rí rìbìtì bí igbá méjì tí a dojú wọn kọra, ọ́ìlì sì kún inú rẹ̀. Igbá tí ẹ́ńjìnnì ń yí a máa ti ọ́ìlì, ọ́ìlì a sì yí igbá kejì, èyí tí ó mú jíà lọ́wọ́. Bí ọ́ìlì bá kàn ń yọ̀ láàárín wọn tí igbá kejì kò tẹ̀lé e, ooru ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì yóò dà.

Kọnfátà tí Ògúnjìmí rà jẹ́ ti àwọn tí ń fi ọkọ̀ sá eré ìje. Ó ń dán bí fàdákà. Kì í di nǹkan mú àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ké tòò; bí ó bá sì wá dì í mú, ọkọ̀ a fò. Àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọn a máa kígbe pé, "Àgbọ̀nrín! Fò ó kí a rí i!" Ògúnjìmí a sì fò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti so ọkọ̀ ẹlẹ́rù mọ́ ẹ̀yìn, tí ó dé kọ́nà àárín òkè, ọ́ìlì jíà a hó, ọkọ̀ a dúró. Ẹni tí ó wá fani àti ẹni tí wọ́n ń fà yóò wá jọ máa wo ara wọn lójú.

Ọ̀rọ̀ náà sú ẹgbẹ́ awakọ̀. Wọ́n ní ní ọjọ́ ọdún Ògún, kí Ògúnjìmí àti Adélakùn, ẹni tí ń fa ọkọ̀ ní ìlú kejì, wá fa ẹrù gòkè lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá fà á dé orí ni yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ òkè. Ẹni tí kò bá lè fà á, kí ó kó ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìjókòó bàbá Ògúnjìmí ni wọ́n gbé sọ́jà yìí. Ó gba ọ̀dọ̀ Yèyé Ògúnmọ́dẹdé lọ, obìnrin tí ń tọ́jú ojúbọ Ògún ti àwọn awakọ̀. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé irin tí ó bá ti sìn wọ́n, wọn kì í tà á. Ojúbọ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ohun tí a bá sì gbé síbẹ̀, ti Ògún ni. Ẹnikẹ́ni kì í mú un padà.

Yèyé da owó ẹyọ sórí àtẹ. Odù Ògúndá ni ó yọ.

"Kí ni ó ń dà ọ́ láàmú, Ògúnjìmí?"

"Yèyé, ọkọ̀ mi ń fò, kò dé orí òkè. Irú kọnfátà wo ni kí n rà? Ṣé èyí tí ó tún yára jù ú lọ ni?"

"Ògún kò fi orúkọ irin hàn mí. Ìgbín ni mo rí."

"Ìgbín kẹ̀?"

"Ìgbín. Kò fò rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ń gun igi, òun ni ó ń gùn ún tòun ti ilé. Rú ìgbín, rú omi tútù. Kí o sì gbé ohun tí wọ́n fi ń kígbe fún ọ wá fún Ògún."

"Yèyé, ohun tí mo fi gbajúmọ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Bí kò bá dùn ọ́, kì í ṣe ẹbọ."

Ó gbọ́, ó rú u. Ó tú kọnfátà tí ń dán náà, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sí ojúbọ, ó fọ́ ìgbín, ó da omi rẹ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbín kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹni tí ń tajà pọ́n ọn lé. "Ọ̀gá mi, ẹ wo èyí! Ẹ ó máa fi í yọ sílẹ̀ bí ọta ìbọn."

"Èwo ni ó ń di nǹkan mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń kùn jẹ́jẹ́?"

Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà wà, abẹ́ tábìlì ló wà. Ara ọkọ̀ agbépo ni wọ́n ti tú u. Ó wúwo bí ọlọ, kò sì lẹ́wà. Ìdè wà nínú rẹ̀ tó ń so igbá méjèèjì pọ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, kí ọ́ìlì má yọ̀ mọ́. Àwọn arúgbó ló ń béèrè rẹ̀, ọ̀gá."

"Gbé e fún mi. Èmi náà kò kéré mọ́."

Ó rántí omi tútù tí Yèyé wí, ó sì ra rédíétọ̀ kékeré kan kún un, kí ọ́ìlì jíà lè máa gba ibẹ̀ tutù. Nígbà tí ó dé ilé, tí ó dè wọ́n mọ́ ọkọ̀, tí ó tẹ iná, ọkọ̀ kò fò. Ó rọra gbéra ni. Àwọn tí ń kígbe Àgbọ̀nrín tẹ́lẹ̀ wá pa orin dà. "Ìgbín! Ìgbín o! Nígbà wo lo máa dé ẹnu ọ̀nà?"

Adélakùn náà lọ bá Yèyé. Ìgbín àti omi tútù kan náà ni ó yọ fún un.

"Kí o sì ṣọ́ra," ni Yèyé wí, "kí o má ṣe bu oúnjẹ nínú àwo ẹni tí ó jù ọ́ lọ."

Adélakùn bú sẹ́rìn-ín. "Yèyé, ìgbín dára lọ́bẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi jẹ iyán. Ẹsẹ̀ Ògúnjìmí ni kò wúwo tó, kọnfátà rẹ̀ kò ní àléébù." Ó jáde. Bí ó ti ń kọjá níwájú ojúbọ, ó rí kọnfátà náà tí ń dán lábẹ́ màrìwò. Irú ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wà. Adélakùn wò yíká, ó gbé oúnjẹ Ògún sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wakọ̀ lọ, ó sì fi í rọ́pò kọnfátà tirẹ̀.

Ọjọ́ ọdún pé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí pákó kún inú rẹ̀ bámú ni wọ́n gbé kalẹ̀. Adélakùn ní òun ni yóò kọ́kọ́ fà á. "Ìgbín, bá mi tọ́jú fìlà mi," ni ó wí fún Ògúnjìmí, "màá gbà á bí mo bá ń bọ̀." Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ fò, ẹ̀wọ̀n na tan-an-ran, ọkọ̀ pákó sì tẹ̀lé e. Gbogbo ènìyàn hó yèè.

Ní kọ́nà àárín òkè, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké, ṣùgbọ́n táyà kò yí mọ́. Òórùn ọ́ìlì jíjó bo ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ọ́ìlì hó jáde, ó ta sí irin gbígbóná, iná sì sọ lábẹ́ ọkọ̀. Adélakùn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ sáré fi òkúta dí táyà ọkọ̀ pákó, wọ́n tú ẹ̀wọ̀n, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ lu iná. Ọkọ̀ pákó kò jó, ṣùgbọ́n ibi tí ó burú jù lórí òkè náà ni ó dúró sí.

Alága ẹgbẹ́ wo Ògúnjìmí. "Láti ibí yìí? Kò sí ẹni tí ó gbéra láti ibí yìí rí."

"Ẹ yẹra díẹ̀, Alága."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ó ń rú èéfín kọjá, ó so ẹ̀wọ̀n bàbá rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ pákó. Ó fi ẹsẹ̀ kan iná díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò ké, ó ń kùn bí ẹni tí ń ronú. Ẹ̀wọ̀n na. Kọnfátà tí kò lẹ́wà yẹn di jíà mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Táyà yí díẹ̀, ó tún yí díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ méjèèjì ń gòkè, wọn kò yára, wọn kò dúró, títí wọ́n fi yọ sí gbangba orí òkè lábẹ́ igi ìrókò. Ìgbà náà ni ariwo sọ tí wọ́n gbọ́ ní ìlú kejì: "Ìgbín! Ìgbín ti gbé ilé dé orí igi!" Wọ́n gbé e sọ́rùn sọ̀kalẹ̀. Ó fi fìlà Adélakùn lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó padà lọ fa òkú ọkọ̀ Adélakùn kúrò lójú ọ̀nà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń jó, ó ń yọ̀, ó ń yin Yèyé, Yèyé ń yin Ògún. Òun ni ó jókòó sí ìsàlẹ̀ òkè di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ni ó jókòó síbẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó gbọ́ ẹbọ tí ó rú u, òkè gbà á. Adélakùn gbé ìgbín wá sí ojúbọ nígbà tí kò sí ọkọ̀ tí yóò fi í rú fún mọ́.

Ohun tí ó ṣòfò nìyí. Ní ti Adélakùn: ọkọ̀ ìfàkọ̀ kan, jíà kan, àti irun ojú méjèèjì tí iná jó. Ní ti Ògún: kọnfátà kan, ó sì ti gbẹ̀san rẹ̀. Ní ti Ògúnjìmí: ìgbín kan, àti orúkọ tí ń jẹ́ Àgbọ̀nrín.