Ìkìlọ̀ Ìsàlẹ̀ Ìwé

Ọkùnrin kan wà tó mọ̀wé kọ. Mo ní ó mọ̀ ọ́n kọ, kì í ṣe àsọdùn. Bí ọba ìlú wọn bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Bí ẹnì kan bá kú, òun ló ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, àwọn èèyàn á sì sunkún lórí òkú tí wọn ò fẹ́ràn nígbà tó wà láyé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rán an nílé ìwé. Ọṣẹ dúdú ni obìnrin náà ń sè. Ìyá wọn ti kú tipẹ́, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì di ìyá. Odidi ọdún mẹ́tàlá ló fi ń koná mọ́ ìkòkò ọṣẹ kí àbúrò rẹ̀ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Jẹ́ kí n sọ bí àwọn ọlọ́ṣẹ ṣe ń ṣe é fún ọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wọn a sun èèpo kòkó di eérú. Wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n ti dá ihò sí nídìí, wọn a da omi lé e lórí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wò ó bóyá eérú ti mu omi. Omi tó bá ro sílẹ̀ lábẹ́ ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín. Eérú ló máa ń wà nísàlẹ̀, omi ló ń ti òkè bọ̀. Bí ìyá wọn ṣe ṣe é nìyẹn, bí ìyá ìyá wọn náà ṣe ṣe é nìyẹn.

Nígbà tó yá, oníṣòwò kan kó sódà dé ìlú. Sódà yìí funfun bí iyọ̀. Iṣẹ́ tí eérú ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, wákàtí kan ló fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè jẹ ẹran ara dé egungun. Oníṣòwò náà pe akọ̀wé wa, ó ní kó kọ ìwé tí àwọn ọlọ́ṣẹ máa fi mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó kìlọ̀ fún un dáadáa pé omi ni kó kọ́kọ́ wọ ìkòkò, kí wọ́n wá máa bu sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Bí èèyàn bá da omi lé sódà, á hó lójijì, á sì ta sí onítọ̀hún lójú.

Akọ̀wé jókòó, ó kọ ìwé. Ìwé náà dùn. Ó kí àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ, ó kì wọ́n ní oríkì, ó sọ bí ọṣẹ ṣe dé ilé ayé. Lẹ́yìn náà ló wá to iṣẹ́ ní ìlà-ìlà. Ìlà kìn-ín-ní: ẹ da sódà àti omi pọ̀ nínú ìkòkò. Ìlà kejì: ẹ fi igi rò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ìlà kẹsàn-án. Ó wá kó gbogbo ìkìlọ̀ jọ sí ìsàlẹ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ìparí ló yẹ ẹ́, bíi ti ìwàásù. Ohun tí èèyàn máa ṣe bí sódà bá ta sí i lára, ẹ̀yìn ìwé ló kọ ìyẹn sí, torí iwájú ti kún.

Oníṣòwò kà á, ó yìn ín. Ó wá bi í pé, “Ṣé o ti fún ọlọ́ṣẹ kan kó fi ṣiṣẹ́ níṣojú rẹ?”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Inú tún bí i díẹ̀. Ó ní, “Kí ni ọlọ́ṣẹ fẹ́ kọ́ mi nínú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ? Ẹni tó bá kà á dópin, á yé e.” Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n akọ̀wé tiwa ti gbọ́n tán. Ọjà ló wà lójú oníṣòwò, kò tẹnu mọ́ ọn. Wọ́n tẹ ìwé náà.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e fún. Obìnrin náà kò mọ̀wé kà. Ó ní kó fi ibi tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí han òun, ó sì ń fi ìka ra á títí.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń lo ìwé ní agbo ilé ọlọ́ṣẹ? Ẹnì kan ló ń kà á sókè. Bí etí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá ṣe ń gbà á ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é. Iná ti ń jó, àdín ti ń gbóná, ta ló ń dúró de ìparí? Akọ̀wé mọ èyí. Agbo ilé yẹn ló ti dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti ń kàwé fún wọn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kọ̀wé, àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, àwọn tó máa sọ pé ọkùnrin yìí mà mọ̀wé o.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó ilé kan tó kàwé díẹ̀ mú ìwé, ó ń kà á. Ó ka ìkíni, wọ́n ṣe àmín. Ó ka ìlà kìn-ín-ní. Ẹ̀gbọ́n da sódà sínú ìkòkò bó ṣe máa ń da eérú. Ó gbé igbá omi, ó dà á lé e lórí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wò ó bóyá ó ti mu omi.

Ìlà kejì ni ìyàwó ilé ṣì wà nígbà tí obìnrin náà figbe ta. Ìyàwó ilé ju ìwé sílẹ̀. Àwọn yòókù sáré gbé epo pupa, torí epo ni wọ́n ń fi sí ibi tí iná bá jó, wọ́n rọ ọ́ sí i lójú. Ẹ̀yìn ìwé sọ pé omi púpọ̀ ni kí wọ́n fi ṣàn án. Àmù mẹ́ta tó kún fún omi wà ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí wọn. Kò sí ẹni tó yí ìwé padà. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ojú méjèèjì ti lọ.

Akọ̀wé sáré dé. Ó yẹ kó sunkún, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Ṣebí mo kọ ọ́ síbẹ̀.” Ó wá ìwé kàn, ó ń nàka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìyàwó ilé, ó ní àìkàwé dópin ló fa gbogbo èyí. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ilé yẹn kò fẹ́ kàwé fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n pe àbúrò òun wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn òun. Báńdéèjì wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Àkàngbé, wọ́n ní o sọ pé o kọ ọ́ síbẹ̀. Ka ìwé náà fún mi.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ka ìkíni, ó ka oríkì.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Mo ti gbé sódà dání nígbà yẹn.”

Ó ka ìlà kìn-ín-ní.

“Mo ti dà á. Mo ti bu omi lé e.”

Ó ka ìlà kejì.

“Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.”

Akọ̀wé fẹ́ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kó máa kà á lọ. Ó ka ẹ̀kẹta, ó ka ẹ̀kẹrin, ó kà á títí dé ìlà kẹsàn-án. Ìtìjú bò ó. Nígbà tó fi máa dé ibi tó ti kọ ọ́ pé omi ni kó kọ́kọ́ wọ ìkòkò, ẹnu rẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Ibi tí o kọ ọ́ sí jìnnà, àbúrò mi. Ojú mi ti fọ́ kí n tó dé ibẹ̀.”

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé. Ó tún ìwé kọ, ó fi ìkìlọ̀ sókè, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Ìwé tuntun náà dára, ó sì gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Kò la ojú obìnrin tó rán an nílé ìwé.

Ìwọ náà gbé ìwé wá fún mi lánàá, èyí tí o kọ fún àwọn àgbẹ̀ nípa oògùn tí wọ́n máa fi pa kòkòrò inú ẹ̀wà. O ní kí n wò ó bóyá ó dùn. Ó dùn. Mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ̀wà náà kí oṣù méjì tó pé, ojú ìwé kẹrin lo fi sí. Mi ò ní fọwọ́ sí i. Gbé e lọ sóko. Wá àgbẹ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dí, fún un ní eérú dípò oògùn, kí ẹlòmíràn máa kà á fún un. Ìwọ pa ẹnu rẹ mọ́, má ṣàlàyé ohunkóhun, torí o ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ni kó o máa wò. Ibi tí ọwọ́ náà bá ti ṣìṣe, má bá a wí, ìwé rẹ ni kó o tún kọ. Má sì fi falẹ̀. Ẹ̀wà ti ń gbẹ lóko, àwọn ọmọdé ilé àgbẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́.