Olórí Méjì Tó La Ọ̀nà Rélùwéè

Màmá Wúràọlá, ìyàwó àgbà ní agboolé Olórí-Ọdẹ ní Àgọ́-Irókò, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, ní ọjọ́ kejì Kérésì ọdún 1986, nígbà tí gbogbo ọmọ ilé wálé.

Nínú gbogbo ọmọ agboolé náà, Fọláwẹ̀ nìkan ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta ló ń yọjú sílé baba rẹ̀. Nígbà tó di ọdún ìkẹyìn, ó pinnu láti kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ lórí ọ̀nà tí àwọn ará Àgọ́-Irókò fi ọkọ́ àti àdá là dé ibùdó rélùwéè ní ọdún 1931, láìdúró de ìjọba.

Kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Oṣù méjì ló fi jókòó ti àwọn àgbà, tó ń gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkùnrin ní Ọ̀jẹ́bísí ni olórí iṣẹ́ náà. Àwọn ìyàwó ilé ní Ajíṣafẹ́ ni. Fọláwẹ̀ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà ní àgbọ́túngbọ́: kò sí ọkùnrin kan tó dárúkọ Ajíṣafẹ́, kò sì sí obìnrin kan tó dárúkọ Ọ̀jẹ́bísí. Ó rò pé òun ti rí ìṣúra. Ó kọ orí kẹta, ó pè é ní "Ìjà Olórí Méjì": bí àwọn ọkùnrin ṣe tẹ̀lé ọ̀kan, tí àwọn obìnrin tẹ̀lé èkejì, tí ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pín.

Ọ̀mọ̀wé Láṣebìkan, olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, ka orí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Orí kẹta yìí ló máa gbé èsì rẹ dé ìpele kìn-ín-ní. Láìsí i, o ò ní débẹ̀."

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó gbé iṣẹ́ náà síwájú ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́, nígbà tó mú ẹ̀dà kan lọ sílé láti fi han àwọn ìyá. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka orí kẹta fún wọn. Kò tíì ka ojú ewé méjì tán tí gbogbo wọn fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbà mí o!" Màmá Wúràọlá di ìhà mú. "Ajíṣafẹ́ ló ń bá ara rẹ̀ jà yẹn! Ta ló wá là wọ́n?"

"Màmá, ohun tí ẹ wí ò yé mi."

"Ọkọ mi, kí ni mo máa ń pè ọ́?"

"Eyínmẹ́nugún."

"Ṣé orúkọ tí baba rẹ sọ ọ́ nìyẹn?"

Fọláwẹ̀ gbé ìwé náà lélẹ̀.

"Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ," ni Màmá Wúràọlá wí. "Ọmọ ilé wa ni ọkùnrin yẹn, ó sì fẹ́ràn oge. Bó bá ń lọ gé igbó, á múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ìyálé wa ló sọ ọ́ ní Ajíṣafẹ́. Títí a fi sin ín, orúkọ kejì tí o kọ síwèé yẹn kò jáde lẹ́nu mi rí. Kò sì ní jáde lónìí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi wá ni? Àwa rò pé ọmọ ilé ni ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju ẹ̀rín wọn lọ.

Ó sáré padà sọ́dọ̀ Láṣebìkan, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Olùkọ́ náà mí kanlẹ̀. "Wọ́n ti di ìwé rẹ pọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ilé yín nínú ìgbìmọ̀. Bí o bá sọ ọ́, mi ò lè gbà ọ́ sílẹ̀. Bí o ò bá sọ ọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ní ọjọ́ ìgbéjáde, Fọláwẹ̀ ṣàlàyé orí kìn-ín-ní àti orí kejì. Nígbà tó dé orí kẹta, ó rò ó pé ilé-ìkàwé ni ìwé yìí ń lọ. Ọmọ-ọmọ Ajíṣafẹ́ yóò kà á lọ́jọ́ kan, yóò sì gba ìjà tí kò ṣẹlẹ̀ rí gbọ́. Ó pa ìwé dé.

"Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹnìkan ṣoṣo ni olórí méjì tí mo kọ nípa wọn. Èmi ni mo dá ìjà wọn sílẹ̀."

Ó rò ó fún wọn látòkè délẹ̀. Láṣebìkan ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó wá láti yunifásítì mìíràn láti yẹ iṣẹ́ wọn wò bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Adúmáadán ni àwọn ìyàwó ilé wa ń pe èmi náà," ló wí. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Máàkì orí kẹta ti lọ nìyẹn, kò sì ní padà. Ṣùgbọ́n yọ ọ́, kí o kọ òmíràn lórí orúkọ tí àwọn ìyàwó ń sọ ọmọ ọkọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà jìn sí kòtò kan náà. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Fọláwẹ̀ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ìyá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bi wọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 1986, wọ́n gba orí tuntun náà wọlé, èsì sì jáde: ìpele kejì, apá òkè. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá ń kánjú parí ọ̀rọ̀ tí kò tíì wádìí dénú ní Àgọ́-Irókò, òwe tí àwọn àgbà fi ń dá a dúró ni pé: ká tó ka orí, ká mọ ẹnu tó pe orúkọ.