Efúnṣeyì àti Igbá Èkuru Ọmọ Rẹ̀

Ìyá lè bá ọmọ sunkún, ìyá kò lè bá ọmọ mí. Awo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló dífá fún Efúnṣeyì, aláró ìlú Ìdó-Ọ̀pẹ, lọ́jọ́ tí ó ń fi omijé wẹ̀ nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí.

Àyọ̀ká ni ọmọ náà ń jẹ́. Ó ti tó ẹni tí ń pọn ọmọ, ṣùgbọ́n ikọ́ fée kò jẹ́ kí ó gbádùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rù pé yóò kó o ran àwọn, wọn kò sì bá a jẹun pọ̀ mọ́. Àwọn àna tó ti ń yọjú gba ọ̀nà ibòmíràn. Nígbà tó yá, Àyọ̀ká kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá kí i, ìyá rẹ̀ ní í bá a dáhùn. Ohun tó ń ba Efúnṣeyì lẹ́rù ni pé, bí òun bá kú, ta ni ọmọ òun yóò ní?

Wọ́n ní kí ó rúbọ. Ẹbọ náà kò le: kí wọ́n se èkuru, kí Àyọ̀ká fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in ní ojúlé mẹ́rìndínlógún. Efúnṣeyì gbọ́. Ó se èkuru, ó sì gbé igbá karí, òun fúnra rẹ̀! Ó ní oòrùn mú, ọmọ òun yóò ṣubú lọ́nà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin abiyamọ. Èwo nínú yín ni kò ṣe é rí?

Ará ìlú jẹ, wọ́n pọ́nwọ́ lá, wọ́n kí Efúnṣeyì kú ìnáwó. Ẹnikẹ́ni kò béèrè Àyọ̀ká.

Oṣù méjì kọjá, nǹkan kò yí padà. Efúnṣeyì fajú ro, ó padà lọ bá awo.

“Bàbá, mo rúbọ, ẹbọ ò fín.”

“Ta ló gbé igbá?”

“Èmi ni. Ọmọ mi ò lókun, Bàbá.”

“Ìwọ lo gbé e, ìwọ ni wọ́n kí. Lọ tún un ṣe. Kí Àyọ̀ká lọ, kí ìwọ jókòó sílé.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún se èkuru náà, Àyọ̀ká bẹ̀bẹ̀ pé òun kò lè lọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba igbá náà. Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀.

Áà, ọ̀sán yẹn gùn! Ikọ́ tí ó ti ń gbàdúrà pé kí ó lọ, òun ló ń tẹ́tí wá. Kò gbọ́ ọ. Àárò ọmọ tó jáde láàárọ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti ròkè òkun.

Ní ojúlé keje, èémí Àyọ̀ká há. Ìyá Ẹlẹ́ní, arúgbó tó ń hun ẹní òré níbẹ̀, fà á jókòó, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Nígbà tí ara rọ̀ ọ́, arúgbó náà béèrè orúkọ rẹ̀.

“Àyọ̀ká ni, ìyá.”

“Àṣé o lẹ́nu! A ti rò pé ìyá rẹ lo gbé e fún kó bá ọ tọ́jú.”

Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó ń hun ẹní pẹ̀lú arúgbó náà sún mọ́ ọn, wọ́n sì bá a jẹ èkuru nínú igbá kan náà. Lẹ́yìn náà ni ó pín ìyókù dé ojúlé tó kù.

Ní ọjọ́ kejì, ó padà síbẹ̀. Ó padà lọ́jọ́ kẹta. Ó kọ́ bí a ti ń hun ẹní. Bí èémí bá dí i, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e jókòó, àgbo rẹ̀ kì í sì í tán lórí ààrò wọn. Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Efúnṣeyì bu oúnjẹ Àyọ̀ká sọ́tọ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà. Ọmọ náà yọjú, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá mi, mo ti jẹun lọ́hùn-ún. Wọ́n ń retí mi.”

“Máa lọ, ọmọ mi. Kí wọ́n máa retí rẹ.”

Efúnṣeyì nìkan ló jẹ oúnjẹ náà. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń yin awo, awo ń yin Ifá. Ẹni tí a bá yan ẹbọ fún, kí ó rú u bí a ti ní kí ó rú u, nítorí ẹbọ a máa gbe ni. Efúnṣeyì gbọ́, ó rú u, ọmọ rẹ̀ sì di ẹni tí à ń retí.