Ìṣó Inú Igi Oríta

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó." Ohun tí Bàbá Oyèéwùmí máa ń wí nìyẹn bó bá ń fẹ̀yìn àdá gbá igi gẹdú wò, kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu ayùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé igi ńlá tí wọ́n gé ní oríta ìlú wọlé, Lásísì tó ni ilé ìlagi fárígá.

"Bàbá, ẹ ń dá wa dúró! Kí lẹ ń wá?"

"Ìṣó ni. Igi yìí ni wọ́n máa ń kan ìwé ìpolongo ìbò mọ́. Èèpo ti bo àwọn ìṣó náà."

"Ẹ gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ó jàre!"

Igi ò tíì wọ ẹnu ayùn dé ìdajì tí nǹkan fi dún gbàù! Ayùn já, ó fò gba ẹ̀gbẹ́ etí Lásísì, ó sì la àga tí Lásísì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀ sí méjì. Yéè! Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ dojú bolẹ̀.

Bàbá fa ìṣó gígùn kan tó ti dípẹtà yọ, ó fi í lé Lásísì lọ́wọ́.

"Ìṣó kékeré làwọn olùdíje yòókù lò. Ìwọ nìkan lo fi ìṣó òrùlé kan ìwé tìrẹ mọ́gi lọ́dún tó o du ipò káńsẹ́lọ̀, o ní kẹ́nikẹ́ni má lè fà á ya."