Orin Tí Wọn Kò Parí ní Ẹnubodè

Ní ìlú Òkè-Ìrókò láyé àtijọ́, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Láníhun. Ọparun ló fi ń gbẹ́ fèrè, ó sì mọ̀ ọ́n fun dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Àwẹ̀ró. Láràárọ̀, bàbá àti ọmọ a jókòó sórí ìtì igi kan lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn a fun orin tí ìyá ọmọ náà fẹ́ràn. Àwẹ̀ró ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Láníhun ló ń parí rẹ̀. Bí tọmọ bá ti tán, á yíjú sí apá òsì, níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, bí ẹni tí ń gbé igbá omi fún ni. Bàbá á sì gbà á.

Nígbà tí Àwẹ̀ró di ọmọge, Ọba Ìgbórò ránṣẹ́ wá. Ó fẹ́ ṣe ọdún, ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ afunfèrè Òkè-Ìrókò wá ṣeré fún òun. Ìgbórò jìnnà, ó sì kún fún ọrọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti lọ síbẹ̀ ni kò padà. Ọmọ Ìyá Fátóògùn, arúgbó tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán ilé Láníhun, wà lára wọn. Aṣọ ló máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lọ́dọọdún, kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá rí.

“Láníhun, dá ọmọ rẹ dúró,” ni arúgbó náà wí. “Aṣọ kún àpótí mi. Aṣọ kì í bá ni sọ̀rọ̀ o.”

“Ìyá, bí mo bá dá a dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo dá dúró,” ni Láníhun fèsì. “Ọkàn rẹ̀ á ti lọ.”

Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, gbogbo ìlú sin àwọn ọ̀dọ́ náà dé ẹnubodè. Láníhun gbé àpò àádùn lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Má jẹ ẹ́ tán lónìí.”

“Bàbá, kí ẹ̀yin náà máa jẹun o. Ẹ má fi iṣu sísun nìkan ṣe oúnjẹ.”

“Ẹnu ta lo fi ń bá mi wí báyìí?”

“Ẹnu ìyá mi ni.”

Láníhun rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àṣà ìlú náà ni pé ẹni tí ń lọ á fun ìdajì orin ilé rẹ̀ ní ẹnubodè, ṣùgbọ́n ẹni tó sìn ín kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Ìdajì yòókù di ọjọ́ tó bá padà. Àwẹ̀ró fun tirẹ̀ tán, ó yíjú sí apá òsì bí ìṣe rẹ̀. Láníhun di fèrè tirẹ̀ mú lẹ́yìn ara rẹ̀, kò gbé e sẹ́nu. Ọmọ náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láníhun so fèrè kọ́ òkè ilẹ̀kùn. Ó ń fi àdín pa á kó má baà gbẹ kó sì là. Bó bá ń se oúnjẹ, ẹni méjì ló máa ń sè é fún láìmọ̀, tó bá wá rántí, á gbé ìyókù fún ewúrẹ́.

Ọdún parí, àwọn afunfèrè padà dé pẹ̀lú ẹrù. Láníhun wẹ̀, ó sáré dé ẹnubodè, kò rí ọmọ rẹ̀. Bámgbálà, olórí wọn, kò lè wò ó lójú.

“Bàbá, Kábíyèsí ní kó dúró láàfin. Ó fún un ní yàrá, ó fún un ní ìyùn.”

“Ṣé wọ́n fi agbára mú un ni?”

“Rárá o, Bàbá. Inú rẹ̀ dùn.”

Èyí ló dun Láníhun ju bí wọn ì bá ti sọ pé wọ́n dè é lókùn lọ. Ó gba aṣọ àrán tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́, ó ká a sínú àpótí, kò sì wọ̀ ọ́.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ìyá Fátóògùn tún wá.

“Kọ́ ọmọ mìíràn lórin náà. Àbí ọmọ wọ́n ládùúgbò?”

“Ìyá, orí ìtì igi yìí, ibi tí Àwẹ̀ró jókòó sí, òun nìkan ni ìdí rẹ̀ bá a mu.”

“Ó dáa, fi fèrè náà dáná nígbà náà. Ọyẹ́ mú.”

Láníhun ti wọlé. Àdín ló ń wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dá jókòó sórí ìtì igi nígbà tó gbọ́ fèrè lójú ọ̀nà. Orin ilé rẹ̀ ni. Ó dé ìdajì, ó dúró. Láníhun sáré já fèrè tirẹ̀ lókè ilẹ̀kùn. Ètè rẹ̀ ti gbàgbé. Afẹ́fẹ́ lásán ló kọ́kọ́ jáde. Ó tún un fun, ohùn sì dáhùn. Ó parí orin náà.

Àwẹ̀ró dé, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ìyùn lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sí àyè rẹ̀.

“Ṣé wọ́n lé ọ ni?”

“Rárá, Bàbá. Ó dùn níbẹ̀. Kí n má parọ́, mo tiẹ̀ gbàgbé yín fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àlejò wá sáàfin, Kábíyèsí ní kí n fun orin ilé wa. Mo fun tèmi tán, mo yíjú sí apá òsì. Ògiri ni mo rí. Gbogbo wọn ń retí. Kábíyèsí bi mí pé ta ni mò ń wò. Mo ní bàbá mi ló kàn.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní kò sí ohun tí òun kò lè fún mi láàfin, àfi ìdajì orin yẹn. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé.”

Ìyá Fátóògùn dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé. Nígbà tí oníṣòwò tún gbé aṣọ ọdún náà dé láti Ìgbórò, kò tú u wò. Ó ní kó dá a padà fún ọmọ òun, kó sì jẹ́ iṣẹ́ kan fún un. Iṣẹ́ arúgbó yìí ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: àjò kò dùn kí onílé má relé.